Bí Fabiola Ṣe Pa Iná Mọ́tò Ṣóbándé

Fabiola kì í ṣe ẹni tó ń sunkún. Àwọn ará Towé tí wọ́n bí i sí mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn pọ́mpíyé, ìyẹn panápaná, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Pobè náà mọ̀. Ó ti fa òkú jáde lábẹ́ mọ́tò rí, ó délé, ó gúnyán, ó jẹ ẹ́. Ẹ má pè é ní ìkà o. Inú rẹ̀ ló ti kú tipiri, bí ọwọ́ tí èèyàn sùn lé.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n débi ìjàǹbá lọ́nà Sakété, tó sì rí i pé Hermann ọkọ rẹ̀, oní-zẹ́mìjàn tó ń fi ọ̀kadà gbé èrò, ni mọ́tò fún mọ́ ìdí igi tíìkì, kò ké. Ó kàn bi ara rẹ̀ pé irú mọ́tò wo nìyí.

Íbírídì ni, èyí tó ń fi epo rìn tó tún ń fi iná mànàmáná rìn. Alárékérekè ni mọ́tò yìí. Á dákẹ́ lọ gbári, ẹ ó rò pé ó ti kú, kí ẹnì kan ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ báyìí, ó ti tún jí. Bó bá sì sún síwájú pẹ́nrẹ́n, ó parí fún Hermann.

"Ẹ jẹ́ á fà á! Ó ti kú náà!" Báyìí ni àwọn èèyàn ń pariwo.

"Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án," ni Fabiola wí. "Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dà?"

"A ti fi í sápò ẹni tó ni ín," ni àgbàlagbà kan dáhùn, tìyangàn-tìyangàn.

Bí wọ́n ti máa ń ṣe nìyẹn. Bí mọ́tò bá ní jàǹbá, olóòótọ́ á mú kọ́kọ́rọ́, á fi í sápò awakọ̀, kí wọ́n má baà pè é lólè. Ìwà rere ni, àmọ́ mọ́tò àtijọ́ ló yẹ. Kọ́kọ́rọ́ ti eléyìí kì í wọ ihò kankan. Bó bá ṣáà ti wà nítòsí, mọ́tò ti mọ̀. Ṣóbándé, oníṣòwò gàrí láti Nàìjíríà, há sídìí sítíárìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀, ìka rẹ̀ sì ń tá bọ́tìnnì wá.

"Ẹ jẹ́ n rífáàsì kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́," ló ń wí, omijé lójú.

"Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, bàbá."

Bọ́tìnnì tó ń tan mọ́tò náà ló ń pa á; iná iwájú awakọ̀ ṣì ń tàn, ni Fabiola bá tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, iná náà kú. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò ọkùnrin náà, ó fún ọlọ́kadà kan pé kó gbé e lọ jìnnà. Ẹnì kan kígbe pé, "Olè!" Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ó ku bátìrì. Ẹ̀yìn ló wà nínú irú mọ́tò yìí, lábẹ́ ẹrù, ẹ̀yìn náà sì kún fún àpò gàrí. Bó ṣe ń yí padà, Hermann na ọwọ́ láti ìdí igi, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ìyá Merveille, má lọ o. Ó ń dùn mí."

Fabiola tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì lọ.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Wọn ò sọ ojú tí ẹni tó ń jẹ̀rora fi ń wo ẹni tó ń fẹ̀sọ̀ ṣe é. Fabiola ń kó gàrí sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń ké orúkọ ọmọ wọn, ó sì ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ rédíò aládùúgbò. Ó gé wáyà bátìrì. Kò dé ibi wáyà aláwọ̀ ọsàn, níbi tí iná apani ń gbà kọjá. Ó ní kí wọ́n dúró kí iná tó ṣẹ́kù kú tán. Wọ́n dúró. Hermann náà dákẹ́. Ìgbà yẹn ni gbogbo wọn tó gbé imú mọ́tò sókè, wọ́n tì í sẹ́yìn, wọ́n sì gbé Hermann jáde láàyè.

Ní ọsibítù, dókítà ní egungun itan ló ṣẹ́, á jinná. Àwọn èèyàn ń kí Fabiola kú orí ire. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Hermann kọjú sí ògiri.

"Mo pè ọ́."

"Mo gbọ́."

"Gàrí lo lọ ń kó."

Ó lè ṣàlàyé. Gbogbo àlàyé náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì tọ̀nà. Ó wá ìbànújẹ́ tó yẹ kó bá àlàyé náà rìn nínú ara rẹ̀, kò rí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí.

Hermann ní kó pe ìyá òun, kí ìyá òun wá tọ́jú òun. Fabiola pè é lórí fóònù, ó ṣàlàyé ọ̀nà fún un dáadáa, ó sì padà síbi iṣẹ́.