Pèrègún Tísà Omíyalé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fa àpótí súnmọ́ mi. Ẹni tí àpótí kò bá kàn, kó jókòó sórí ẹní. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní kánjú, èmi náà kò sì ní ibi tí mò ń lọ.

Agogo ló fà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́, mò ń bó ẹ̀gúsí, nígbà tí mo gbọ́ agogo ilé ìwé láti inú yàrá Tèmi, ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní yunifásítì. Kì í ṣe agogo oníná tí wọ́n ń tẹ̀ báyìí o. Irin tí wọ́n fi irin lù ni, gan-an, gan-an, gan-an, bí ríìmù mọ́tò tí wọ́n so mọ́ igi ọsàn nílé ìwé wa láyé ọjọ́un. Mo dìde, orúnkún mi kígbe, mo lọ wò ó.

Géèmù ni. Tèmi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ga bí òpó, idà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì tò síwájú rẹ̀ nínú ilé olódi kan. Tèmi ní alágbàṣe ogun ni ọkùnrin náà tẹ́lẹ̀: ẹni tó bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ló ń bá jà. Ní báyìí ó ti di olùkọ́. Iṣẹ́ tó kan Tèmi ni láti kọ bó ṣe dà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kẹta sì rèé tó ti ń wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀ràn lọ̀.

"Màmá, kò yé mi," ó ní. "Kí ló lè mú ẹni tó ń fi ìjà jẹun kó wá máa kọ́ ọmọ ní ABD?"

Mo ní, "Mo mọ ọkùnrin yẹn."

"Màmá, inú géèmù ló wà o!"

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Àmọ́ kì í ṣe idà ló gbé wá. Àdá ni."

Abà Ìdí-Ọsàn ni wọ́n bí mi sí, lọ́nà Emùré. Odò yí abà náà ká níhà mẹ́ta bí ìgbà tí ìyá bá fi apá gbá ọmọ mọ́ra. Níhà kẹrin, àpáta dúdú kan ló dúró níbẹ̀, tí òjò bá ti pa á, a máa yọ̀ bí ilá. Afárá onígi kan ṣoṣo ni ọ̀nà àbájáde wa. Lódì kejì odò ni abà Òkè wà, níbi tí Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi ń gbé. Bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti Àdùkẹ́ ń jókòó lé nílé ìwé, ìyẹn ilé alámọ̀ kan tí abà méjèèjì jọ kọ́ sí etí odò, níhà ọ̀dọ̀ wa. Iṣu sísun kan náà là ń pín jẹ. Òun a jẹ èèpo tó jóná, èmi a jẹ inú, oníkálukú a sì rò pé òun lòun rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Ìjà ilẹ̀ ló pín wa níyà. Oko kòkó bàbá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé náà. Olórí abà Òkè, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Onírùngbọ̀n, ní ti àwọn ni. Òun ló bí bàbá Àdùkẹ́. Ìlà pèrègún tó wà lórí ilẹ̀ náà ló ń já a nírọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé òdòdó ẹnu ọ̀nà bánkì ni pèrègún. Lọ́dọ̀ wa, ẹlẹ́rìí ni. Ibi tí bàbá ẹni bá gbìn ín sí ni ilẹ̀ ẹni parí sí. Wọ́n lè sun oko, wọ́n lè gé gbogbo igi ibẹ̀, pèrègún á tún hù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá le, Bàbá Onírùngbọ̀n kó gbogbo ọmọ abà rẹ̀ kúrò nílé ìwé. Àyè Àdùkẹ́ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Òjò ọdún náà kò mọ̀wọ̀n. Tísà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Emùré, lọ kí ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àlejò kan gba orí afárá wọ abà wa. Ó ga, ó gbé ẹrù gígùn kan lé èjìká, àpá kan sì gùn láti etí rẹ̀ dé àgbọ̀n. Kò tíì nu omi ojú rẹ̀ tán tí afárá fi lọ. A gbọ́ ọ, bí ìgbà tí eegun ńlá bá ṣẹ́. Omi gbé e lọ sínú odò ńlá Ògbèsè.

Àlejò náà sáré padà sí etí omi, ó dúró bí ẹni tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ lójú. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àpáta. Ó gùn ún, ó yọ̀ bọ̀. Ó tún gùn ún, ó tún yọ̀ bọ̀. Àwa ọmọdé ń kà á. Ìyá àgbà mi, tí wọn kò bẹ̀rù ohun kan láyé yìí àfi ejò, ló pè é.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, wá jẹun. Àpáta yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ẹ. Kò ní yẹ̀ fún ẹ."

Ó ní Akínlabí lorúkọ òun, pé òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Emùré. Ilé ìyá àgbà mi ló wọ̀ sí, ó sì gbé ẹrù rẹ̀ sórí àjà.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, omi kò fà. Iyọ̀ ń tán lọ. Aṣọ kò gbẹ. Igi ìdáná kàn ń rú èéfín ni, kò jó. Ẹ kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ìhámọ́, àfi bí ẹ bá ti wà nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ mọ́kànlá àti ewúrẹ́ méjì, tí òjò ń rọ̀ láti àárọ̀. Lọ́jọ́ tí a fọ́ ìkòkò àgbo ìyá àgbà mi, wọ́n nàka sí àlejò.

"Ìwọ tó ò ń wo omi bí ẹni tó ń retí ìyàwó, ṣé o mọ̀wé?"

"Mo mọ díẹ̀, Ìyá. Ẹnu iṣẹ́ sójà ni mo ti kọ́ ọ."

"Ó tó. Kó wọn jáde fún mi."

Bó ṣe di tísà nìyẹn. Àwa la sọ ọ́ ní Omíyalé, torí omi ló fi í ta wá lọ́rẹ. Kò lo pàṣán rí. Ó ń tò wá bíi sójà, ó ń fi èkùrọ́ kọ́ wa ní ìṣirò. Ó ní ká kọ "ilé", gbogbo wa kọ "ulé" bí a ṣe ń pè é nílé. Ó ní ká kọ "iṣu", a kọ "uṣu". Ó wo sìléètì kan, ó wo òmíràn, ó fọwọ́ họ àpá rẹ̀. Ó ní, "Ó dà bí ẹni pé èmi nìkan ni n kò gbọ́ èdè níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ulé ẹ̀ kò sọnù."

Ó rí rẹ́jísítà tísà wa nínú àpótí. Láàárọ̀ àkọ́kọ́ tó pe orúkọ, ó dé orí Àdùkẹ́, gbogbo wa wo àyè rẹ̀ tó ṣófo. Ó bi wá pé ibo ló wà. Èmi ni mo dáhùn.

"Bàbá bàbá ẹ̀ ló kó wọn kúrò, sà. Àwọn mẹ́sàn-án. Torí ilẹ̀ ni."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú ìwé. Ó ní orúkọ tó bá ti wà nínú ìwé, dandan ni kí òun pè é, pé tí òun bá pe ẹni tí kò sí, kí àwa yòókù dáhùn pé, "Ó ń bọ̀." Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́, bí òjò ti ń lu páànù tí odò ń hó, à ń kígbe "Ó ń bọ̀!" fún ọmọ mẹ́sàn-án tí kò rí ọ̀nà bọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ kẹrin tí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ìyá àgbà mi ní kí n gun àjà lọ sún ẹrù. Ti tísà tú mọ́ mi lọ́wọ́. Àdá kan ló kọ́kọ́ yọ, tí ẹnu rẹ̀ ń dán. Lẹ́yìn náà, ogún ọ̀pá pèrègún tí wọ́n fi àpò ìdọ̀họ wé. Omi tó ń jò sórí wọn ti mú wọn ta gbòǹgbò, gbòǹgbò funfun náà sì gba ojú àpò yọ síta bí irùngbọ̀n arúgbó.

Kò sí ọmọ oko tí kò mọ̀. A kì í jẹ pèrègún, a kì í sì í gbé e lọ kí ẹ̀gbọ́n ẹni. Ẹni tó bá gbé pèrègún pẹ̀lú àdá rìn, ààlà ló fẹ́ sún. Mo wo ìsàlẹ̀. Tísà dúró sídìí àkàsọ̀, ó ń wò mí.

"Sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Má ṣubú."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bi í. "Ṣé ilẹ̀ bàbá mi ni?"

"Ilẹ̀ bàbá rẹ ni. Abà Òkè ló rán mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sójà, ẹni tó bá bẹ̀ mí ni mò ń bá jà. N kì í bi wọ́n léèrè ẹni tó jàre."

"Ṣé ẹ máa ṣe é?"

Ó gbójú sókè wo ẹrù rẹ̀. Ó ní, "Bó o bá fẹ́ sọ fún bàbá rẹ, lọ sọ ọ́. Ibo ni mo fẹ́ gbà sá lọ?"

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin abà wa á yọ àdá sí i, omi sì wà níhà mẹ́ta. Bí mo bá dákẹ́, oko kòkó bàbá mi lọ. N kò lè jẹun mọ́. Ìyá àgbà mi ní aràn ni, wọ́n fún mi lágbo kíkorò, mo mu ún. Kò sí àgbo àṣírí. Láràárọ̀ ni tísà ń pe orúkọ mi, mo ń dáhùn, a ó sì wo ojú ara wa. Ẹ̀wọ̀n kan náà la jọ wà, kò sì sẹ́ni tó mú kọ́kọ́rọ́ dání nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tó yá, omi fà. Àwọn ọkùnrin abà méjèèjì ń gé igi, wọ́n ń tẹ́ afárá tuntun láti ìhà tiwọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n parí rẹ̀, mo gbójú sókè, ẹrù tísà kò sí lórí àjà. Mo sáré. Mo bá a nínú ìkùukùu lẹ́bàá oko bàbá mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi àdá gbẹ́lẹ̀. Mo ti la ẹnu láti ké pe bàbá mi kí n tó wò ó dáadáa.

Kò fọwọ́ kan ìlà àtijọ́. Ó mú tirẹ̀ láti igun ilé ìwé, ó gba inú kòkó bàbá mi kọjá, ó mú poro mẹ́ta sínú, ó yí i gba etí odò tí abà Òkè ń pè ní tiwọn, ó sì mú un padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ilẹ̀ ìjà náà gan-an ló sé mọ́ àárín. Ó ku ọ̀pá kan. Ó nà án sí mi.

Mo wo àwọn igi kòkó tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn gbìn. Mo wá rántí àyè tó ṣófo lórí bẹ́ǹṣì. Mo gba ọ̀pá náà, mo gbìn ín.

Ó lu agogo, ó tò wá sí àárín. Bàbá Onírùngbọ̀n gba orí afárá tuntun dé pẹ̀lú géńdé mẹ́rin, láti wá wo iṣẹ́ tó rán. Bàbá mi àti àwọn ènìyàn wa yọ láti ìhà kejì. Àdá wà lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Bàbá mi ní, "Ta ló gbin eléyìí sínú kòkó mi?"

"Èmi ni," tísà dáhùn. "Wọ́n ní kí n wá sún ààlà. Mo ti sún un."

Bàbá Onírùngbọ̀n pariwo. "Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyí, ìwọ ọ̀dàlẹ̀?"

"Pèrègún lẹ ní kí n gbìn, Bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ kó fà á tu. Èmi fẹ́ pe orúkọ."

Ó fi àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó kẹ́yìn sí gbogbo wọn, ó ṣí rẹ́jísítà. Mo rí òógùn tó ń ṣàn gba ojú àpá rẹ̀. Ó ń pè, à ń dáhùn. Ó dé orí Àdùkẹ́. A ti fa èémí sínú láti kígbe "Ó ń bọ̀" nígbà tí ohùn kan jáde láti ẹ̀yìn Bàbá Onírùngbọ̀n.

"Prẹ́sẹ́ǹtì, sà!"

Àdùkẹ́ tó ti tẹ̀lé wọn wá ló yọ lábẹ́ apá bàbá bàbá rẹ̀, ó kọjá ìlà pèrègún, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìyá àgbà mi ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. "Onírùngbọ̀n, ó yá, fà á tu o. Kó o fa ọmọ ọmọ rẹ tu mọ́ ọn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàbá Onírùngbọ̀n pòṣé, ó fi ìdí lé gbòǹgbò igi, àárẹ̀ mú un lójijì. Bàbá mi ka igi kòkó tó bọ́ sínú, wọ́n tún un kà, wọ́n mí kanlẹ̀. Wọn kò bá tísà sọ̀rọ̀ fún ọdún méjì gbáko, ṣùgbọ́n wọn kò fà á tu.

Tísà wa tó lọ sí Emùré kò padà wá mọ́. Afárá wà, ọ̀nà ti là, síbẹ̀ Tísà Omíyalé kò lọ. Nígbà tí mo dàgbà, ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi. "Mo rò pé omi ló há mi mọ́. Omi lọ tán, n kò rí ibi tí mo lè yà sí. Àwọn tí mo bá jà kò gbàgbé mi, àwọn tí mo jà fún kò mọ̀ mí mọ́. Inú pèrègún yẹn nìkan ló gbà mí." Ibẹ̀ ló ti darúgbó, ibẹ̀ náà la sin ín sí.

Mo dé ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Afárá ti di ti kọnkéré. Odò tó há wa mọ́ ọjọ́sí, adìẹ lè gbà á kọjá. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwé, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò sì mọ ẹni tó ń jẹ́ Omíyalé. Ṣùgbọ́n pèrègún wà níbẹ̀, ó nípọn bí itan, àwọn ọmọ abà méjèèjì sì ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ náà kò di ti bàbá mi, kò di ti Bàbá Onírùngbọ̀n. Àwọn ọmọ ló jogún rẹ̀. Bàbá mi ló gba àdá tísà, òun ni wọ́n fi ń ro àgbàlá ilé ìwé títí wọ́n fi kú. Ó wà lọ́wọ́ àbúrò mi ní Emùré báyìí. Èmi ni tísà fi rẹ́jísítà sílẹ̀ fún. Mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níhìn-ín, n kò sì fo orúkọ ọmọ tí kò wá rí. Àdùkẹ́ lọ sí Èkó, ó ti ibẹ̀ lọ sókè òkun, lẹ́tà rẹ̀ dáwọ́ dúró, n kò mọ ohun tó jogún. Tèmi ló jogún ìtàn.

Ó ti kọ ọ́ sínú géèmù rẹ̀. Lánàá, ó bèèrè orúkọ kan tí yóò fi sínú ìwé ọkùnrin yẹn, mo fún un. Mo padà sídìí ẹ̀gúsí mi. Agogo dún nínú yàrá, ẹ̀rọ náà pe Àdùkẹ́. Kí àwọn ohùn inú rẹ̀ tó dáhùn, èmi ti dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ó ń bọ̀.