Ìwé Àǹjọ̀nú Nílé Òfì

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀ dáadáa lórí ìjókòó òfì, Ìsẹ́yìn ni mo wà, lọ́dọ̀ Bàbá Àlímì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ń kọ́ mi ní aṣọ òkè híhun. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ẹnì kan lè ní ìyẹn ò burú, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ ni mo fi kà á. Kíláàsì kẹrin ló jẹ ọdún méjì tó lé yẹn. Mo máa ń sọ fáwọn ọmọ mi pé tíṣà ibẹ̀ ló fẹ́ràn mi jù, tí kò fẹ́ kí n kúrò lọ́dọ̀ òun. Nígbà tí bàbá mi rí i pé ọ̀rọ̀ èmi àti ilé ìwé ò yé ẹnikẹ́ni mọ́, ó mú mi kúrò ní Ijio tó ti ń dáko, ó fi mí lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹgbẹ́ mi ò ní gbàgbé bí àárọ̀ ṣe máa ń rí láyé ìgbà yẹn, lẹ́yìn tí a kúrò ní pọ́n-ùn, tí a bọ́ sí náírà. Kí oòrùn tó ràn, a ó ti pọnmi, a ó ti gbálẹ̀, a ó sì ti ká òwú mọ́ igi kéékèèké tí wọ́n ń kì sínú ọkọ̀, ìyẹn igi ṣóńṣó tí a ń jù láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì tí aṣọ fi ń di aṣọ. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà la máa ń jẹ. Tí obìnrin Fúlàní bá wá kiri wàrà díndín, tí Bàbá Àlímì bá sì jí sí ayọ̀, ọjọ́ ọdún nìyẹn.

Àwa mọ́kànlá la máa ń jókòó lórí ìlà lábẹ́ páànù gígùn kan. Òwú tí kálukú fẹ́ hun yóò na gbọọrọ lọ síwájú rẹ̀, a ó so ìdí rẹ̀ mọ́ pákó tí a gbé òkúta lé. Bí o bá ṣe ń hun ún ni òkúta yóò máa wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Nítorí náà Bàbá Àlímì kì í béèrè pé iṣẹ́ ti dé ibo. Òkúta rẹ nìkan ló máa ń wò. Tèmi kì í kánjú.

Kọ́pà obìnrin kan ló gbé wàhálà wọlé wá. Wọ́n pín in sí girama ìlú wa láti máa kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wa ń pè é ní Àǹtí Kọ́pà. Ó wá gbé iṣẹ́ aṣọ ìyá rẹ̀ fún wa, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì wa, ó ń kàwé, nígbà tó sì dìde lọ, ó gbàgbé ìwé náà síbẹ̀. Wọ́n ya ọmọbìnrin òyìnbó kan sí èèpo rẹ̀, ọmọkùnrin kan wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀ tí èèyàn lè rí ògiri láti inú ara rẹ̀. Ojú ọmọkùnrin náà ò ní ẹyinjú. Mo mú un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà á. Ọ̀rọ̀ tí mi ò bá mọ̀, mo máa ń fò ó bí ẹni fo kòtò, ìwé náà sì ní kòtò púpọ̀. Nígbà tí mo dá a padà, Àǹtí Kọ́pà ò bínú, ó ní báwo ni mo ṣe rí i. Mo ní, “Kò burú, Àǹtí. Àkúdàáyà ni ọmọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni.”

Mo wá ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá kú sí Ṣakí tí ilé ayé ò tíì tó o, wọ́n á rí i ní Irawo lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti níyàwó, ó ti ní ebè iṣu tó pọ̀ ju ti àwọn alààyè lọ. Ti inú ìwé yìí, ibi fèrèsé ló kàn ń dúró sí tó ń mí ìmí ẹ̀dùn. Mo ní ẹni tó kọ ìwé náà ò mọ òkú dáadáa. Àǹtí Kọ́pà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí òwú ẹlòmíràn. Ó ní kí n tún un sọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí wọ́n ń kó ìwé sí ní girama, ó kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀: Múfútáù, aláṣọ òkè.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń dájọ́ ìwé. Àǹtí Kọ́pà ní àpótí kan tó kún fún irú wọn, ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó. Òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, tó sì ń sá fún oòrùn. Mo ní ìyẹn ò lè pé ọ̀sẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Ọkùnrin kan wà tó ń di ìkookò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Mo ní ọdẹ wa á ti mọ ọjọ́ rẹ̀, wọ́n á ti jókòó dè é. Àwọn tó tún wà níbẹ̀ ni ìwé nípa ìlú tí kò tíì sí, ìlú ọjọ́ iwájú tí ìjọba ti ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ìyẹn kì í bà mí lẹ́rù bí òyìnbó ṣe fẹ́ kó bà mí. Àkọ́kọ́ tí mo kà nínú wọn, mo rò pé ìwé ìròyìn ni.

Ohun tí mo bá kà, mo máa ń sọ ọ́ nílé òfì lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn tó kù á máa hun aṣọ, wọ́n á máa dá sí i. Ẹnì kan á ní ká ní òun ni òkú ọ̀hún ni, òun ò ní padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn. Bàbá Àlímì ò jẹ́ sọ nǹkan kan. Mo rò pé kì í gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ nígbà tí a gba aṣọ ìyàwó kan. Funfun ni a fi ń ṣe ọnà sára rẹ̀: bí o bá hun ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí o ṣe ọnà kan, kí ó lè bára mu nígbà tí wọ́n bá rán wọn pọ̀. Mo gbé ìwé sórí itan lábẹ́ aṣọ. Ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń sá fún ìjọba, èmi náà ń bá a sá. Bàbá Àlímì wo òkúta mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rí i pé ó ti wọ́ wá jìnnà, inú rẹ̀ dùn, ó gbàdúrà fún mi lójú gbogbo èèyàn pé orí mi á gbé mi débi gíga. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti wo aṣọ. Kò sí ọnà kan ṣoṣo lára rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo nawọ́ sókè títí apá mi fi ń gbọ̀n, lẹ́yìn náà ni mo jókòó tú aṣọ náà fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Bàbá Àlímì mú ìwé tó já bọ́ lórí itan mi nígbà tí mo kúnlẹ̀, ó wo èèpo rẹ̀. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó rí ẹṣọ́ ìjọba tí wọ́n yà síbẹ̀, tí kò ní ojú, tí kò ní imú. Ó ní ìwé àǹjọ̀nú ni, ó gbé e lọ sílé. Ó ní, “Ọjọ́ tí mo bá tún rí ìwé lọ́wọ́ ẹ, Ijio lo máa sùn.”

Ẹ má rò pé mo kórìíra oko. Oko ló kórìíra mi. Bí mo bá padà sí Ijio, iṣẹ́ ti bọ́, ìwé ti bọ́, Àǹtí Kọ́pà á kàn máa béèrè mi lọ́wọ́ àwọn tó ń hunṣọ ni. Oṣù kan gbáko ni mi ò fi fọwọ́ kan ìwé. Òkúta mi ò tìtorí ẹ̀ yára.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Àǹtí Kọ́pà parí ọdún rẹ̀, ó ní òun ò ní gbé àpótí ìwé òun padà lọ. Ó ní ní ọ̀sán Sátidé kan, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wá sí gbọ̀ngàn girama, kó sọ̀rọ̀ lórí ìwé kan, kó sọ ibi tó dára sí àti ibi tó kù sí. Ẹni tó bá sọ ọ́ dáa jù ló máa gbé àpótí lọ. Ó wá sílé òfì pẹ̀lú ṣòkòtò káàkì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún Bàbá Àlímì, ó bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wá. Bàbá ní òun náà á wá gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni mo sọ, a jẹ́ pé ó dáa. Tó bá jẹ́ ìsọkúsọ, ọkọ̀ ń lọ sí Ijio láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun sì mọ awakọ̀ náà.

Gbọ̀ngàn kún. Gbogbo ilé òfì ló ti iṣẹ́ wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn, Bàbá Àlímì wà láàárín wọn. Dékúnlé ló kọ́kọ́ dìde, ọmọ girama tó ń mójú tó ìwé wọn. Gẹ̀ẹ́sì tó sọ lọ́jọ́ náà, bí ìgbà tí wọ́n ń da agbádo sínú páànù ni. A pàtẹ́wọ́ fún un gidi gan-an. Mi ò tíì rí ẹni tó lè sọ fún mi ohun tó wí.

Ó kàn mí. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìkẹrin ò wá. Ẹnì kan láàárín àwọn ọmọ girama ní, “Òwú ti já,” gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ti ń rí ọkọ̀ Ijio.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá Àlímì láti ẹ̀yìn. Kò pariwo. “Múfú, àwa náà wà níbí o. Sọ ọ́ bí o ṣe ń sọ ọ́ nílé òfì.”

Mo bá sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo sọ nípa ìlú yẹn tí ìjọba ti ń gba orúkọ lọ́wọ́ ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n á fún un ní nọ́ńbà. Aṣọ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń wọ̀, àwọ̀ eérú. Ọmọbìnrin kan kọ orúkọ rẹ̀ sínú bébà, ó rán an mọ́ ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó sá. Mo ní ẹni tó kọ ọ́ mọ ìbẹ̀rù, bó ṣe ń kọ ọ́ ni àyà ń já èèyàn. Ibi tó dára sí nìyẹn.

“Ibi tó kù sí rèé,” ni mo wí. “Ẹni náà ò rí aláṣọ rí. Odindi ìlú ń wọ aṣọ eérú, kò fi ẹni tó ń hun ún hàn wá. Ẹ mú ọkùnrin kan, ẹ gbé e sórí òfì, ẹ fún un ní òwú eérú láti ọdún dé ọdún, ẹ ní kò gbọ́dọ̀ ṣe ọnà. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa kọ́kọ́ ṣọ̀tẹ̀ nílùú yẹn? Ilé òfì ni ọ̀tẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní Bàbá Àlímì wà níbẹ̀ ni, ìjọba yẹn ò ní lò dé ààwẹ̀ tó ń bọ̀.”

Àwọn ará ilé òfì dìde, wọ́n ń lu ẹ̀yìn ìjókòó. Dékúnlé náà pàtẹ́wọ́, mo rí i. Ṣùgbọ́n Bàbá Àlímì ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó na ìka sókè bí ọmọ ilé ìwé.

Ó ní, “Ọmọbìnrin yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n mú un?”

Mo wo Àǹtí Kọ́pà, mo wo ilẹ̀. “Mi ò mọ̀, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.”

Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, ó kù díẹ̀ kí páànù gbọ̀ngàn ṣí. Títí tí ẹ̀rín fi lọ sílẹ̀, Bàbá Àlímì wà ní ìdúró. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé inú àpótí tí agbádá Iléyá òun wà ló wà, pé kí n wá gbà á.

Èmi ni mo gbé àpótí ìwé lọ. Orí mi ni mo fi rù ú la àárín ìlú kọjá, àwọn aláṣọ mẹ́wàá tẹ̀ lé mi, mi ò sì gba ọ̀nà tó yá. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Àlímì fúnra rẹ̀ gbé ìwé tó gbà lọ́wọ́ mi wá sílé òfì, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, kí n fi òfì tèmi sílẹ̀ ná. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi kà á, tí mò ń túmọ̀ rẹ̀, tí mò ń fo kòtò mi. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé etí odò, tí ẹṣọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ọkọ̀ kan tó lọ lórí òfì kankan. Ó là á kọjá. Bàbá Àlímì ní, “Àlùhàmúdùlílàì,” ó sì fi etí agbádá nu ojú, ó ní eruku òwú ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dékúnlé yọ sílé òfì wa, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń pè mí ní Bọ̀dá Múfú. Ó fẹ́ yá ìwé. Mo jẹ́ kó bá mi ká òwú ná.

Lóde òní, inú fóònù ni ọmọ mi obìnrin ti ń kàwé, ìwé tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju òwú ilé òfì lọ. Bó bá kà á tán, ó máa tẹ ìràwọ̀ márùn-ún sí i, ó parí, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Ní ìgbà tiwa, ìwé kan la ní, àwa mọ́kànlá la sì jọ máa ń bá a jà. Èmi ò lè sọ pé tiwa dára jù, nítorí àwọn ò kúnlẹ̀ nawọ́ sókè nítorí ìwé rí. Ṣùgbọ́n ní ọdún tó kọjá, girama yẹn kan náà ṣe ìdíje ìwé fáwọn ọmọ, wọ́n sì rán mọ́tò wá gbé mi pé kí n wá dájọ́. Wọ́n gbé àga mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá ilé ìwé, nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín nígbà náà. Lọ́jọ́ náà, bí ọmọ kan bá sọ̀rọ̀ tán, gbogbo wọn á máa wo ẹnu mi. Yorùbá ni mo sì ń sọ.