Irin Tí Orlin Kvamme Fi Pamọ́ Sábẹ́ Gàárì

Ní Sorrel Butte, ní Montana, wọ́n lè dárí ji ẹni tó pààyàn, pàápàá tó bá jẹ́ pé ẹni tó kú náà kì í ti géètì màlúù. Ẹni tí wọn kì í dárí jì ni ẹni tó gun korobá kó tó gun ẹṣin. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gun ẹṣin níbẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá dé ìtẹsẹ̀ gàárì mọ́, kí o gba ilé lọ, kí o máa dúró de pósí.

Orlin Kvamme mọ òfin yìí ju ẹni tó ṣe é lọ. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ti fi ń tún gàárì ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó ń rùn bí awọ àti kọfí àná. Bí oníbàárà bá wọlé, apá rẹ̀ ni Orlin máa kọ́kọ́ fà, kó tó kí i. Á ní kó fi orí ìka kan ibi tí awọ ìtẹsẹ̀ ti so mọ́ gàárì, á wá na awọ náà sábẹ́ apá rẹ̀. Bí ìtẹsẹ̀ bá wọ abíyá, ó bá a mu nìyẹn. Bí kò bá dé abíyá, Orlin á ní, "Gàárì ẹlòmíràn lo gbé wá fún mi," á sì mú òòlu tó fi ń lu ihò sára awọ. Lára ògiri rẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé: IRIN KÌ Í KAN ARA ẸṢIN. Ó ti lé èèyàn méje jáde nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ pásítọ̀ rẹ̀.

Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, orúnkún rẹ̀ òsì kọ̀, kò ká mọ́. Ó tì pa bí báńkì lọ́jọ́ Àìkú. Orlin fi òróró pa á, ó fi oògùn ẹṣin pa á, ó bú u ní èdè méjì. Pàbó ló já sí.

Ká ní orúnkún náà mú ìgbà mìíràn, ì bá sàn. Oṣù Kẹwàá ló mú, ìgbà tí gbogbo ìlú máa ń gun òkè lọ kó màlúù Garvin Stoltz wálẹ̀ kí yìnyín tó dé. Ẹni tí kò bá lè gun ẹṣin, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gbé oúnjẹ ni wọ́n ń fún un wà. Wọ́n sì ń sọ ọ́ ní Sorrel Butte pé kò sẹ́ni tó jókòó sínú ọkọ̀ yẹn rí tó tún padà sórí ẹṣin. Bẹ́ẹ̀, lókè lọ́hùn-ún, níbi ìsun omi kan tí ọkọ̀ kankan kò lè dé, ni Orlin da eérú òkú ìyàwó rẹ̀, Inez, sí lẹ́yìn tí wọ́n sun ún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń rí i, lọ́jọ́ ìkómàlúù yìí.

Ohun tó ṣe nìyí. Ó tú irin ìsokọ́, èyí tó ń ká tó sì ń nà, kúrò lára géètì ilé adìyẹ. Ó gé e, ó rọ ọ́, ó dè é mọ́ awọ ìtẹsẹ̀ apá òsì. Bó bá yọ ìkọ́ rẹ̀, ìtẹsẹ̀ á já wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan àbọ̀, ẹsẹ̀ tí kò ká á sì lè wọ̀ ọ́. Bó bá ti dókè, á fi ìmú bàtà ta á, irin náà á ká padà sábẹ́ awọ fẹ̀ǹfẹ̀ tó ń bo ẹsẹ̀ ẹlẹ́ṣin. Ojú ẹnikẹ́ni kò lè tó o. Ó fi àkísà aṣọ òtútù wé irin náà kó má baà ha ẹṣin. Ní gbogbo àsìkò tó fi ń ṣe é, ó kọ ẹ̀yìn sí ògiri.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómàlúù, gbogbo wọn dúró lẹ́nu géètì. Olúkúlùkù ń ṣe bí ẹni ń wo ẹṣin tirẹ̀, ojú wọn sì wà lára Orlin. Lyle Bascom, tí wọ́n jọ dàgbà, kò lè pa ẹnu mọ́.

"Orlin, wọ́n ní ìwọ àti orúnkún rẹ kì í sọ̀rọ̀ mọ́?"

"À ń sọ̀rọ̀. Òun ló kàn ń sọ̀rọ̀ jù."

"Ṣé kí n bá ọ gbé korobá wá?"

"Gbé e lọ fún ìyàwó rẹ, kó fi bò ọ́ lójú bó bá fẹ́ jẹun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ẹṣin kan bú sáré. Láàárín ẹ̀rín náà, Orlin yọ ìkọ́, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fò sókè bí ọmọ ogún ọdún. Ẹ̀rín dákẹ́ wẹ́lo. Lyle ṣí fìlà fún un. Bí wọ́n bá ní kí Orlin kú lọ́jọ́ náà, kò ní janpata.

Àmọ́ àgùnlọ kò sí, ẹni gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti dé etí odò ìsàlẹ̀ òkè. Ìsun omi Inez kò ju ìrìn wákàtí kan lọ mọ́. Tuck, ẹṣin rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìrù jù, ó ń yí orí wo ìhà rẹ̀. Orlin mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún oníbàárà. Ó gbójú sókè, ó ń lọ.

Marlys, ọmọbìnrin rẹ̀, ẹni ogójì ọdún, ló gun ẹṣin sún mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Kí ló dé? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ara mi ni."

"Bàbá mi, Tuck ń ṣẹ̀jẹ̀."

Kò pariwo. Ì bá ti dára ká ní ó pariwo. Orlin sọ̀kalẹ̀, ó tú gàárì fúnra rẹ̀. Àkísà náà ti yọ kúrò, irin ilé adìyẹ sì ti bó ìhà ẹṣin, ó pupa bí ọ̀dà ara ògiri. Àwọn èèyàn wá wò ó, wọ́n wo irin náà, wọ́n wojú ara wọn. Lyle, tó lè fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́, fa fìlà rẹ̀ bojú. Ìyẹn ló dun Orlin jù.

Láìsí irin náà, kò sí ẹṣin tó lè gùn. Garvin Stoltz, ẹni tó ni màlúù, wo ilẹ̀, ó wú ikọ́.

"Bàbá Orlin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wa ọkọ̀ oúnjẹ yẹn. Awakọ̀ tó ń wà á, afọ́jú ló kù díẹ̀ kó jẹ́."

Irọ́ ni, irọ́ rere sì ni. Orlin wọ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dúró gbọn-in bí igi.

Lọ́jọ́ kejì, Marlys bá a nínú ṣọ́ọ̀bù. Igi inú gàárì Marlys ti là, ó sì gbọ́dọ̀ padà lọ sókè lọ wá àwọn màlúù tó ṣẹ́kù.

"Gbé tèmi," ni Orlin wí.

"Bàbá, n ò bèèrè..."

"Na apá rẹ."

Ó na apá. Marlys kúrú bí ìyá rẹ̀. Adìyẹ tó bá ga díẹ̀ lè wò ó lójú. Orlin tú irin ilé adìyẹ, ó jù ú sínú ìdọ̀tí. Ó mú òòlu, ó lu ihò mẹ́rin sókè lára awọ ọ̀tún, ó lu mẹ́rin lára ti òsì. Ihò tí wọ́n bá lu sára awọ kì í dí mọ́. Ó rẹ awọ náà sómi, ó lọ́ ọ, ó ki igi ìgbálẹ̀ kan la inú ìtẹsẹ̀ méjèèjì kọjá kí wọ́n lè gan síbẹ̀, kí wọ́n kọjú síwájú.

"Ṣé kí n bá yín kí màmá?"

"Sọ fún un pé Tuck ń jẹun." Ó rò ó díẹ̀. "Má sọ bí ó ṣe farapa."

Nígbà tó lọ sílé tán, tó fi gàárì sílẹ̀ di òwúrọ̀ kí awọ lè gbẹ, Orlin fi orí ìka kan ibi tí awọ ti so mọ́ gàárì, ó fa igi ìgbálẹ̀ náà sọ́dọ̀ títí awọ fi nà tán. Ìtẹsẹ̀ kò dé abíyá rẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ló ti dúró.