Ìró Èkùrọ́ Lẹ́yìn Odi

Odi kan ṣoṣo ló wà láàárín àgbàlá mi àti ti Jẹ́láàní, odi amọ̀ tí kò ga ju èjìká mi lọ. Ẹni tó bá rò pé mo máa ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ onílé, kó kọ́kọ́ wá wo bí odi náà ṣe rí. Èmi kọ́ ni mo ń lọ bá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń fò wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi lábẹ́ igi máńgòrò, ní Ifangni níbí, láti ọdún tí ọkọ mi ti kú.

Kẹ̀kẹ́ ni Jẹ́láàní ń tún ṣe. Láti àárọ̀ ló máa ń wà ní ìkóríta, tí á máa lẹ táyà fún àwọn tó ń lọ sí Igolo létí ààlà Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á fi iyanrìn àti ọṣẹ fọ gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, á wọ ẹ̀wù mìíràn, á sì gbé igbá rẹ̀ jáde. Igbá fínfín kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kò tà á rí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kékeré lápá Ṣábẹ̀, kò sì fi sílẹ̀ láti ìgbà náà. Bí o bá bi í léèrè pé kí ló ń rí jẹ níbẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní ọkàn òun ló ń jẹ ẹ́.

Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, ọdún 1984, igbá ńlá kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tó ti Ifangni lọ sí Igolo ló ń fín yí i ká láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè: àwọn ọ̀pẹ, àwọn alábàárù, àwọn tó ń pààrọ̀ owó, obìnrin tó ru agolo epo, ewúrẹ́ tó sùn sí àárín títì. Ó ní ibà ló mú òun nígbà kan, òun sì lá àlá pé òun dúró lójú ọ̀nà náà, gbogbo ayé ń kọjá, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dún. Ó ní kò sí ibi tó tutù tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun. Ọ̀nà àlá yẹn ló fẹ́ fín kó tó gbàgbé rẹ̀. Nítorí náà ló ṣe gbà pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti orin jẹ́jẹ́ díẹ̀.

Orin náà ń ti inú rédíò kékeré kan wá, sákárà láti òdìkejì ààlà. Ìgbà ìjọba Révolution ni. Kamaráádì ni gbogbo wa, àti ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí délégué, aṣojú ìjọba ní àdúgbò wa, bá ń bọ̀ lókèèrè, Jẹ́láàní á yí rédíò sí ibi tí àwọn aláṣẹ ti ń sọ̀rọ̀, á gbé ohùn rẹ̀ sókè, á sì máa mi orí. Bí ọkùnrin náà bá ti yà lọ́wọ́ ìsọ̀ ẹran, á yí i padà sí sákárà. Mo máa ń fi aṣọ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín mi.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dí i lọ́wọ́, bó ṣe sọ. Ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀kínátù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àmínátù, àdín ló ń ṣe tà, abẹ́ òrùlé níbẹ̀ ló sì ti máa ń pa èkùrọ́ rẹ̀. Ó ní òkúta pẹlẹbẹ kan tó jogún lọ́wọ́ ìyá ìyá rẹ̀, ó sì ní òkúta ọwọ́. Á kọ́kọ́ fi òkúta ọwọ́ kan èkùrọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè mọ bó ṣe jókòó: kó. Á wá lù ú: kà. Á sì ju ọmọ inú rẹ̀ sínú abọ́ tánńganran: tín. Kó, kà, tín. Kò yára, kò sì falẹ̀, láti ìgbà tí oòrùn bá ti rọ̀ títí tí a óò fi pe ìrun àṣálẹ́.

Ní irú ìrọ̀lẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìró náà á wọnú ara wọn. Rédíò ń kọrin, òkúta ń dún, ọ̀bẹ Jẹ́láàní ń họ igbá, ẹ̀rọ mi ń sáré lábẹ́ wọn. Òórùn àdín tó ń jóná díẹ̀díẹ̀ á gba orí odi kọjá. Ẹsẹ̀ mi á máa tẹ ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n èmi alára kò sí níbẹ̀. Mo ti wà ní oko ìyá mi ní Ko-Koumolou, ìrì wà lórí ewé ẹ̀gẹ́, ẹnìkan ń pe orúkọ mi láti ẹ̀yìn oko, mi ò sì dáhùn torí mo fẹ́ kó tún un pè. Nígbà tí mo bá fi máa padà dé, mo ti rán ọwọ́ ẹ̀wù méjì láìmọ̀.

Jẹ́láàní ní tirẹ̀ á mí kanlẹ̀. Á ní, "Ìyá Àmínátù, ariwo òkúta yìí ti wọ inú egungun mi. Mi ò gbọ́ rédíò mọ́."

Sẹ̀kínátù á ní, "Bóyá kí n máa fi eyín pa á, Bàbá Àmínátù." Á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún mẹ́wàá nìyẹn, mo sì ti rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin, ó fín ọ̀nà rẹ̀ dé Igolo, ìka mẹ́ta péré ló kù kó dé ẹnu igbá. Ọ̀bẹ yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ìlà kan gbọọrọ tó dábùú ọ̀nà náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà ló wá pariwo, ọkùnrin tí kì í pariwo.

"Gbé òkúta rẹ! Gbé èkùrọ́ rẹ, kó o máa lọ pa á nílé ìyá rẹ ní Ìdìrókò. Jẹ́ kí n rí ọ̀sẹ̀ kan péré fi parí igbá yìí."

Ẹsẹ̀ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo retí kí Sẹ̀kínátù fi àwàdà dá a lóhùn bó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó dìde lọ di ẹrù rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọjá níwájú ilé mi pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, òkúta pẹlẹbẹ náà ló sì wà lókè pátápátá.

Ó ní, "Màmá Victorin, mò ń lọ kí ìyá mi. Wọ́n ní mo ń pariwo."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ìjọba Nàìjíríà ti ààlà pa, Ìdìrókò sì wà lódìkejì.

Kí n sọ òótọ́, inú Jẹ́láàní dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó ń wá dé, sákárà sì ń dún ketekete. Ó jókòó, ó gbé igbá sórí orúnkún, ó mú ọ̀bẹ. Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ. Ó ní ọ̀bẹ ló kú, ó pọ́n ọn. Ó ní igbá ló gbẹ jù, ó fi omi pa á lára. Ó wá sọ fún mi pé ariwo ẹnu ewúrẹ́ mi pọ̀ jù bó bá ń jẹun. Mo wo ojú rẹ̀ pé bóyá àwàdà ló ń ṣe, kì í ṣe àwàdà.

Oṣù kan kọjá, ó di méjì. Igolo dákẹ́. Àwọn tó ń pààrọ̀ owó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì wọn lọ́sàn-án gangan, àwọn alábàárù ń ta ayò. Bátìrì rédíò kú, kò sì sí òmíràn lọ́jà. Jẹ́láàní ń sá wọn sóòrùn lórí odi wa láràárọ̀, wọ́n á kọrin díẹ̀ lálẹ́, wọ́n á tún kú. Nígbà tó yá, oòrùn kò lè jí wọn mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò sẹ́ni tó ń kọjá. Ọ̀nà ẹsẹ̀ pọ̀ nínú igbó. Àdìsá alúpùpù ń lọ sí Ìdìrókò, ó ń bọ̀, lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta, òun ló sì ń mú ọ̀rọ̀ Sẹ̀kínátù wá: "Sọ fún Bàbá Àmínátù pé sójà pọ̀ lójú ọ̀nà. Kí wọ́n máa fín igbá wọn nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́." Mo mọ Sẹ̀kínátù. Kì í ṣe sójà ló dá a dúró síbẹ̀. Jẹ́láàní náà sì mọ̀.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa nígbà tí mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, mo ń tòògbé lọ nídìí ẹ̀rọ. Kó. Kà. Mo ti fi ojú oorun dìde, mo ti na ọrùn kọjá orí odi, mo ti ń pe, "Ìyá Àmínátù, ẹ káàbọ̀."

Jẹ́láàní ni mo rí. Orí àpótí ìyàwó rẹ̀ ló jókòó sí, ó fi búlọ́ọ̀kù ṣe òkúta, ó fi òòlù kẹ̀kẹ́ ń lu èkùrọ́ tó ṣẹ́kù níbẹ̀. Igbá rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

Ó ní, "Bí mo bá ń pa á, ọ̀nà náà á padà wá sójú mi. Mo ń rí i kedere. Bí mo bá wá gbé ọ̀bẹ, ìró á dúró, ọ̀nà á lọ. Ọwọ́ méjì péré ni mo ní, Màmá Victorin."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo yí odi ká, mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó gbé ọ̀bẹ. Mi ò tíì pa ogún tó fi gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ ń yára jù. Ó dà bíi pé wọ́n ń lé yín."

Èmi tí mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀! Mo gbé òòlù kalẹ̀. Mo ní, "Bon, ẹ gbọ́, Bàbá Àmínátù. Kì í ṣe ìró lẹ ń wá. Ìyàwó yín lẹ ń wá. Ẹ ránṣẹ́ sí i."

Ó tẹ orí ba. "Ẹnu tí mo fi lé e lọ náà ni n ó fi pè é? Kí ni n ó ní kí Àdìsá sọ?"

Ojú mi bọ́ sínú abọ́ tánńganran, ẹ̀rín sì bú lẹ́nu mi. Kò sí odindi èkùrọ́ kan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti rún wómúwómú, èèpo, ọmọ inú àti eruku búlọ́ọ̀kù. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ọkùnrin ló pa á, àti pé ọkùnrin náà ti jìyà.

Mo ní, "Ẹ fi èyí ránṣẹ́. Àdìsá kò ní láti sọ nǹkan kan."

"Ẹ má dójú tì mí."

"Ojú ti tì yín tipẹ́."

Ó ní òun ò ní fi ránṣẹ́ láéláé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, nǹkan kan sì ń mì wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ nínú agolo wàrà bó ṣe ń rìn lọ sí ilé Àdìsá. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ títí tó fi jìnnà, mo sì gbàdúrà fún un ní ọ̀nà ti ìjọ mi, torí mi ò mọ ti ìjọ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, lẹ́yìn òjò, Sẹ̀kínátù dé. Ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún, òkúta wà lórí rẹ̀, agolo wàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ń ba èkùrọ́ mi jẹ́?"

Jẹ́láàní dìde. "Èmi ni."

"Ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ yín."

Ó na ọwọ́ sí i. Èékánná méjì ti dúdú. Sẹ̀kínátù wò wọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ sọ òkúta náà kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó gbé e sí ibi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Má bínú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn fẹ́ẹ̀ pa mí."

Sẹ̀kínátù tú etí ìró rẹ̀, ó sì yọ bátìrì tuntun mẹ́rin jáde. "Mo mọ̀ pé ti rédíò yín á ti kú. Mo ti kó wọn pamọ́ láti oṣù tó kọjá."

Jẹ́láàní gbà wọ́n lọ́wọ́ méjèèjì. Ó wò yíká bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò kó wọn sí, ó sì tò wọ́n sórí odi, níwájú mi gan-an, bí ẹni pé èmi kò sí níbẹ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ sún mọ́ ti ìyàwó rẹ̀, ó gbé igbá. Kó, kà, tín. Ọ̀bẹ bẹ̀rẹ̀ sí í họ. Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi, omijé sì ń bọ́ sórí aṣọ oníbàárà tí mi ò lè dá a dúró.

Ó parí igbá náà kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ìlà tí ọ̀bẹ fà yẹn ló sọ di igi tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà ní Igolo, obìnrin kan sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú òkúta lórí. Bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà lórí odi, kò fi wọ́n sínú rédíò rárá. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí wọn. Nígbà tí wọ́n fi ṣí ààlà lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, omi ti ń yọ lára wọn.