Ògiri Eérú Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kọ́tìnì Pupa

Mi ò kì í gba ìwọ̀sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ díákónì. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà yà yín lẹ́nu tí ẹ bá gbọ́ ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nínú ilé Ọlọ́run.

Akunlé ni mí ní Minna níbí. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, ṣùgbọ́n àdúgbò Keteren Gwari níbí ni wọ́n bí mi sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu ju Yorùbá lọ nígbà tí mo wà ní kékeré. Nínú gbogbo ìjọ wa, kò sí obìnrin mìíràn tó ń gun àkàbà pẹ̀lú garawa ọ̀dà lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọ kọ́ ilé ìjọsìn tuntun parí, wọ́n ń wá ẹni tí yóò kun ògiri ẹ̀yìn àga ìwàásù, ìyẹn ògiri tí gbogbo ojú ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn títí dé òpin. Ìgbìmọ̀ ilé ní kí wọ́n lọ wá ọkùnrin. Màmá mi, tó jẹ́ ìyá ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, ló dìde pé ọmọ òun ni kí wọ́n gbé e fún. Ó ní bí mo bá ba ògiri náà jẹ́, òun yóò fi ipò òun sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èmi ò rán an níṣẹ́ yẹn o, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́, gbogbo wọn sì ti gbọ́.

Ọwọ́ Màlámù kan ní Fadikpe ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀dà márùn-ún péré ló máa ń rà: pupa, yẹ́lò, búlúù, funfun àti dúdú. Ó ní inú àwọn wọ̀nyí ni gbogbo ìyókù wà. Ó po yẹ́lò mọ́ búlúù níwájú mi, àwọ̀ ewé jáde. Pupa pẹ̀lú yẹ́lò di àwọ̀ ọsàn, pupa pẹ̀lú búlúù di àlùkò. Ó wá kán wọn sí etí ìdérí garawa yípo, bí àwọn tó jókòó yí abọ́ tùwó kan ká, ó sì ń fi ìka hàn mí ẹni tó kọjú sí ẹni. Pupa kọjú sí ewé, yẹ́lò kọjú sí àlùkò, búlúù kọjú sí ọsàn. Ó ní tí àwọn tó kọjú síra yìí bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ńṣe ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa pariwo. Tí o bá sì pò wọ́n pọ̀, wọ́n á pa ara wọn lẹ́nu mọ́.

Mo ní ó ti yé mi, irọ́ ni mo pa. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n rẹ yẹ́lò kan sílẹ̀ díẹ̀ kí ó má tàn jù, mo bu ọ̀dà dúdú sí i, ló bá di àwọ̀ ewé kan tó dà bí ọbẹ̀ ilá tó sùn mọ́jú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tó ta ọ̀dà fún wa. Haba, Màlámù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní kí n fi oníṣòwò sílẹ̀, pé dúdú kì í mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ nínú yẹ́lò. Bí mo bá fẹ́ rẹ àwọ̀ kan sílẹ̀, kí n bu díẹ̀ lára ẹni tó kọjú sí i.

Àwọ̀ eérú ni ìgbìmọ̀ yàn fún ògiri wa. Mo kun páálí mẹ́ta, a tẹ́ wọn sórí tábìlì nínú ọ́fíìsì pásítọ̀, gbogbo ìgbìmọ̀ sì mú ọ̀kan náà: eérú pọ́nbélé, funfun àti dúdú lásán, láìsí àbùlà. Mo fi ọjọ́ méjì kun ògiri náà. Nígbà tí mo parí, pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ní ó dùn ún wò.

Àṣà kan wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá ìjọ wa. Bí wọ́n bá fẹ́ fún ìjọ ní ẹ̀bùn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rí i títí di ọjọ́ tí wọn yóò gbé e kalẹ̀, ọmọ inú wọn ò sì gbọdọ̀ gbọ́. Èmi àti màmá mi jọ ń gbé ilé kan náà, n kò mọ̀ pé ó lọ sọ́jà lọ ra aṣọ kọ́tìnì, pé òun fúnra rẹ̀ ló fojú yan àwọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìyàsímímọ́ ni wọ́n fi orin gbé e wọlé. Wọ́n ta á sí ọ̀tún àti òsì ògiri mi, láti òkè délẹ̀. Pupa fòò ni.

Orin ò tíì tán tí alága ìgbìmọ̀ ilé fi dá wọn dúró. Díákónì ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ṣì jókòó ní ọ́fíìsì. Ó nàka sí ògiri, ó ní àwọ̀ ewé nìyẹn. Ó ní ọ̀dà tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo pò mọ́ ti ìjọ, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hàn ni. Ó wá yíjú sí màmá mi.

"Ìyá Ẹgbẹ́," ó ní, "ẹní da eérú leérú ń tọ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ojú mi ṣú. Garawa ọ̀dà wà lẹ́sẹ̀ mi, ó sì ku díẹ̀ kí n dà á sí i lára, agbádá funfun ló sì wọ̀ lọ́jọ́ náà. Omi ti ń bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo gbójú sókè wo ògiri náà dáadáa, òótọ́ sì ni bàbá yìí ń sọ. Èmi tí mo po ọ̀dà náà fúnra mi, mo rí ewé.

Mo sáré mú páálí tí wọ́n fọwọ́ sí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọ̀kan náà ni wọ́n, òun náà di ewé. Mo gbé e jáde sínú oòrùn, ó padà di eérú. Mo pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó. Díákónì ní òun ò bá idán wá, pé àwọn àlejò tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday kò ní jókòó sí ìta. Bí ògiri náà bá ṣì rí báyìí láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí màmá mi mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣẹ.

Nígbà tí a délé, màmá mi ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó jókòó, kò tú gèlè, ó bi mí léèrè jẹ́jẹ́.

"Ṣé kọ́tìnì mi ló bà á jẹ́? Sọ fún mi, màá ní kí wọ́n yọ ọ́."

Mo wo ojú rẹ̀. Àwọn ìyá yẹn ti fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣètò aṣọ náà, tí ó bá yọ ọ́, ojú wo ló fẹ́ fi wò wọ́n? Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní yọ nǹkan kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé mi. Bí ojú bá ti wo pupa púpọ̀, ó máa ń wá ẹni tó kọjú sí pupa kiri, bí kò bá sì rí i, á dá a sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Eérú tí kò ní àwọ̀ tirẹ̀ ló ń rí fi ewé náà lé lórí. Bí ojú bá máa bu ewé sí eérú mi, èmi náà á ti bu pupa sí i sílẹ̀ dè é.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé ọ̀dà lọ síwájú kọ́tìnì gan-an, torí mi ò tún ní yan àwọ̀ lórí tábìlì ọ́fíìsì mọ́. Mo bu pupa ṣíbí kan sí i, mo kun páálí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà. Ewé ṣì ń yọjú. Mo bu òmíràn. Mo bu òmíràn sí i, ó pupa jù, mo fi eérú lé e, mo tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbé páálí kan sókè, ó sì dákẹ́. Eérú ni, kò pupa, kò ṣe ewé. Mo pariwo "Kai!" èmi nìkan nínú ilé ìjọsìn. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti kun ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Sunday, díákónì ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò, ó mi orí pé ó tẹ́ òun lọ́rùn. Lẹ́yìn ìsìn, ó ń sọ fáwọn àlejò pé òun ló fagbára mú mi lọ gbé eérú tòótọ́ tí àwọn yàn wá. Mo ní kò burú. Mo gbé páálí méjì jáde síta, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wá bá mi wò ó nínú oòrùn. Ọ̀kan jẹ́ eérú, ìkejì pupa rúsúrúsú.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, èwo ló wà lára ògiri?"

Kò tilẹ̀ rò ó. Eérú ló mú, ó ní ọmọdé pàápàá mọ̀ ọ́n. Gbogbo èèyàn tẹ̀ lé wa wọlé. Mo gbé páálí tó mú yìí, èyí tí ìgbìmọ̀ yàn níjọ́sí, lé ògiri, ó yọ ketekete, ó ṣe ewé lójú gbogbo wọn. Mo gbé pupa rúsúrúsú, èyí tí mo kun ní Sátidé, lé ògiri, ó sì wọnú rẹ̀ lọ, àfi ìka mi nìkan ni ẹ ń rí. Díákónì bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú, ó tún wò ó.

Màmá mi ló dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Díákónì, ọmọ mi mọ ohun tí ojú yín ń ṣe ju ẹ̀yin tí ẹ ni ojú lọ."

Ó sì padà jókòó sí àyè ìyá ẹgbẹ́.