Sídì Orin Kánádà tí Àbúrò Mi Gbé Wálé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, okun o, bí àwa ará Kábà ṣe ń kíni. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu mi ni kò gbà á. Lónìí, mo ní kí n yáa tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kí n tó tún yí ọkàn padà. Ohun tí mo ṣe sí àbúrò mi ni. Ẹ má tètè dá mi lẹ́jọ́ o. Ẹ kà á parí ná.

Àwa méjì péré ni Ìyé, ìyá wa, bí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí ní Kábà. Ilé Ìyé ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, nítorí ojú Ìyé ti ń ṣú. Káyọ̀dé ni àbúrò mi. Ó lọ sí Kánádà, ó sì lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Ọdún mẹ́jọ! Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sẹ́ni tó tún ń fi orúkọ mi pe Ìyé mọ́, Ìyá Kánádà ni wọ́n ń pè é. Ìyé á sì rẹ́rìn-ín títí gbogbo eyín rẹ̀ á fi hàn.

Àfi bí Káyọ̀dé ṣe pè wá ní ọjọ́ Ajé kan pé òun ń bọ̀. Nígbà tó fi máa di Sátidé, ó ti dé.

Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? A pa adìẹ, a gún iyán. Àwọn aládùúgbò ti jókòó síwájú ilé láti àárọ̀, wọ́n ń retí ẹrù òyìnbó. Mọ́tò dúró, Káyọ̀dé sọ̀ kalẹ̀, báàgì kan ṣoṣo ló gbé lọ́wọ́. Ó ti rù. Ojú rẹ̀ wú díẹ̀, mo ní àìsùn ojú ọ̀nà ni.

Kí ló wà nínú báàgì ọ̀hún? Aṣọ díẹ̀, bàtà òtútù kan tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀ ọ́ jáde ní Kábà, ìborùn kan fún Ìyé, àti sídì orin kan. Ó tán! Mo tú báàgì yẹn títí dé ìdí, kò sí nǹkan mìíràn.

Ó ṣàlàyé fún wa pé eré orí tẹlifísọ̀n kan wà tí àwọn ará Kánádà ṣe, ó sì pẹ́ gan-an lórí afẹ́fẹ́. Àwọn orin tí wọ́n ń lù nínú eré náà ni wọ́n kó jọ sínú sídì yẹn. Ọmọ Kánádà ni gbogbo àwọn tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n orin kan kò jọ èkejì. Ó fi sínú rédíò àtijọ́ Ìyé, èyí tó ní ojú sídì.

Gìtá oníariwo ló kọ́kọ́ jáde. Ìyé fi ọwọ́ di etí! Lẹ́yìn náà obìnrin kan ń kọrin jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ìkẹta ni ohun kan tó ń dún fííín, tó ń sáré, bí ẹni pé ó fẹ́ fò kúrò nínú rédíò. Ìyé na ọrùn.

"Gòjé rèé! Ṣé Gàm̀bàrí wà ní Kánádà ni?"

Káyọ̀dé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti dé.

Láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, ìyá àtọmọ á gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sídì á bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan wà lédè Faransé. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn obìnrin méjì láti ilẹ̀ yìnyín ni wọ́n dojú kọ ara wọn, wọ́n ń fi ọ̀nà ọ̀fun mí hẹ̀-hẹ̀, hẹ̀-hẹ̀. Ìyé ní irọ́ ni, kì í ṣe orin, iyán ni wọ́n ń gún.

Ṣé inú mi dùn sí i? Rárá o! Lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ń bi mí pé kí ni àbúrò mi mú wá fún mi. Àwọn kan ti sọ ọ́ lórúkọ, Kánádà Onísídì. Káyọ̀dé kì í ṣe nǹkan kan láti àárọ̀ dalẹ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó jí, ó sì tún máa ń sùn lọ́sàn-án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, ó ní ooru ni. Tí mo bá bi í pé ìgbà wo ló ń padà, á ní ìsinmi lòun wà. Ìsinmi oṣù mẹ́ta?

Ọjọ́ Ìsinmi kan ló bà á jẹ́. A ti ṣe ìsìn tán, a dúró níta ṣọ́ọ̀ṣì, ni obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa bá bi mí lójú gbogbo èèyàn pé ṣé òótọ́ ni pé orin nìkan ni àbúrò mi rí gbé bọ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà fi ipá rẹ́rìn-ín. Mo délé, láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ gòjé yẹn, Ìyé ń pàtẹ́wọ́ sí i. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Mo wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Káyọ̀dé wà ní balùwẹ̀, mo yọ sídì náà nínú rédíò, mo sọ ọ́ sínú báàgì ọwọ́ mi.

Àsìkò tí ẹyẹ ẹga ń da ìrẹsì ọkọ mi láàmú nìyẹn, ní fàdámà, ilẹ̀ àbàtà tó ń dá lọ́nà Ìyàrá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń dá ìrẹsì á mọ̀ pé a máa ń so sídì àtijọ́ mọ́ okùn kọ́ sáàárín oko. Bí oòrùn bá kọlù ú, á máa kọ mọ̀nà, ẹyẹ á sá. Ọkọ mi ti ń wá sídì káàkiri. Mo kó bíi mẹ́fà tó ti bàjẹ́ fún un, mo ki ti Káyọ̀dé mọ́ wọn. Mi ò sọ ẹni tó ni ín.

Káyọ̀dé wá sídì rẹ̀ títí ọjọ́ fi rọ̀. Ó gbé bẹ́ẹ̀dì, ó gbọn ìrọ̀rí. Ó wá bá mi ní ìdí ààrò, ó ní ṣé mo rí i.

"Ṣé èmi ni mo ń gbọ́ orin yín ni?" Bí mo ṣe dá a lóhùn nìyẹn.

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, Sístà mi." Kò bi mí mọ́ láéláé. Bí ọjọ́ mélòó kan ṣe kọjá, Ìyé bèèrè pé gòjé òun dà. Káyọ̀dé ló dá a lóhùn pé rédíò ló bàjẹ́. Rédíò tí kò bàjẹ́! Ó yà mí lẹ́nu.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn náà tí Káyọ̀dé fi ṣubú ní balùwẹ̀. A gbé e dé ọsibítù. Dókítà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti bàjẹ́ tipẹ́tipẹ́, ó ní ṣé kò sọ fún wa ni. Mo jókòó sórí síméǹtì.

Káyọ̀dé sọ ọ́ fún mi fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò jáde, wọ́n ní kó máa lọ. Ó ti mọ̀ pé àìsàn náà wà lára òun. Ó mọ ohun tí wíwálé túmọ̀ sí, pé òun ò ní rí irú ìtọ́jú ibẹ̀ níbí, òun á kú. Ó kàn fẹ́ bá Ìyé jókòó fún ìgbà díẹ̀ láìsí ẹni tó ń sunkún lórí òun ni. Ìsinmi tó ń wí nìyẹn!

Ó wá sọ ọ̀rọ̀ sídì náà fún mi. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe níbẹ̀. Bàbá kan wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ tí kò lè rìn mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sán, àwọn méjèèjì á jọ máa wo eré tẹlifísọ̀n yẹn. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, bàbá náà á sọ ibi tí orin náà ti wá fún un, pé ti etí òkun lèyí, ti ilẹ̀ àlìkámà lèyí, ti ibi tí òtútù kì í tán nìyẹn. Nígbà tí bàbá kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú sídì náà fún Káyọ̀dé, ó ní Káyọ̀dé ni bàbá òun yóò fẹ́ kó ni ín.

"Sístà mi," ó ní, "Kánádà tí mo fi ẹsẹ̀ mi rìn kò ju ilé iṣẹ́ yẹn àti ibi tí mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Inú orin yẹn ni mo ti rí ìyókù."

Kí ni kí n ṣe? Ẹkún gbé mi. Mo ní, "Káyọ̀, èmi ni mo gbé sídì rẹ."

"Mo mọ̀."

Ó ní òun tẹ̀ lé ọkọ mi dé oko ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, òun sì rí i níbi tó ti ń yí lórí okùn.

"Kí ló dé tí o ò mú un?"

"Ẹyẹ ò bà lé ìrẹsì yẹn. Mo ní kó máa bá iṣẹ́ lọ."

"O ò bínú sí mi?"

"Mo bínú. Mo bínú gan-an. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti ń lọ, ṣé ìjà ni kí n fi sílẹ̀ fún ẹ?"

Ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà lọ sí fàdámà. Oòrùn àti òjò ti bó ojú sídì náà, ó ń ré bí ìpẹ́ ẹja. Mo fi í sí rédíò, ó yí, ó yí, kò sọ nǹkan kan. Mo wá mú páálí sídì náà, èyí tí wọ́n kọ orúkọ àwọn orin sí lẹ́yìn, mo dúró níwájú ọsibítù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára díẹ̀, mo ń tẹ orúkọ orin kọ̀ọ̀kan sí fóònù. Mẹ́rin péré ni mo rí. Mi ò rí ti gòjé.

Mo gbé fóònù sí i létí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ti àwọn obìnrin agúnyán. Nígbà tí mo sọ fún un pé mi ò rí gòjé, ó ní kí n lọ mú Ìyé wá.

Ìyé dé, ó ń fọwọ́ wá etí bẹ́ẹ̀dì. Káyọ̀dé ní kó bá òun kọ orin gòjé yẹn. Ìyé kò bèèrè ìdí. Ó fi ẹnu kọ ọ́, fííín-fíín-fíín, ó ń fi ìka lu irin bẹ́ẹ̀dì, kò sì fo ibì kankan. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró. Káyọ̀dé pa ojú dé, ó ń mi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú náà sí i.

Ọjọ́ kẹrin ló kú, bí a ṣe ń ṣètò láti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní Lọ́kọ́ja. Oòrùn kò tíì kan àtàrí.

Àwọn tó ń pè é ní Kánádà Onísídì wá síbi ìsìnkú, wọ́n sunkún ju àwa tí a ni òkú lọ. Mi ò bá wọn jà. Èwo nínú wọn ló ṣe tó èmi?

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo jẹ́wọ́ fún Ìyé. Ó gbọ́ mi tán, ó wá ní, "Ohun tí ọmọ mi fi ń mí lo gbà lọ́wọ́ rẹ̀." Ó ti ń jẹ́ mi báyìí tí mo bá kí i. Ó ń jẹ oúnjẹ mi. Ṣùgbọ́n kò tíì pe orúkọ mi láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí èèyàn yín bá ti ìdálẹ̀ dé, ẹ má kọ́kọ́ wo báàgì rẹ̀. Ẹ wo ojú rẹ̀. Ẹ bi í pé ara ńkọ́, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì. Ẹsẹ̀ tó ń wú lójú mi fún oṣù mẹ́ta, ìtìjú ẹ̀sín àwọn èèyàn ni kò jẹ́ kí n rí i.

Ó dá mi lójú pé kì í ṣe èmi nìkan. Ta ló ti ṣe irú èyí sí ẹni tirẹ̀ rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, a ó jọ kà á, mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ṣì wà láyé, jọ̀wọ́, má tíì kọ nǹkan kan. Pe é ná.