Obìnrin Tó Da Omi Òkun Sínú Ààrò

Ní Greenspond, erékùṣù àwọn apẹja kan ní òkun àríwá, níbi tí àpáta ti pọ̀ débi pé wọ́n máa ń fi ọkọ̀ bu erùpẹ̀ wá láti ibòmíràn kí wọ́n tó rí ibi sin òkú, ibẹ̀ ni wọ́n bí Thirza Hounsell sí. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí òkun gbé bàbá rẹ̀ lọ. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí ikọ́ pa ìyá rẹ̀. Ó wá ku òun àti Garland, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ nígbà tí bàbá wọn kú.

Thirza ló tọ́ ọmọ náà. Ó ń fọ aṣọ ẹni ẹlẹ́ni, ó ń sá ẹja oníyọ̀ sórí àtẹ fún àwọn oníṣòwò, èyí tó bá sì rí ló fi ń bọ́ ẹnu méjì. Ọkùnrin kan wá fẹ́ ẹ, àmọ́ ó ní òun ò lè gbé ìyàwó tó ti ní ọmọ lẹ́yìn láìtíì bímọ. Thirza ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Kò sí ẹlòmíràn tó tún wá.

Nígbà tó fi di ọdún 1921, obìnrin náà ti pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n, Garland sì ti di géńdé tó lè wa ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má mí hẹlẹ. Ó ti ń bá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Selina sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ìgbòkun Absalom Feltham, tó máa ń lọ pa ẹja ní etíkun Labrador láti oṣù kẹfà títí di ìgbà tí òtútù bá dé. Thirza ni wọ́n gbà láti máa se oúnjẹ, ó sì ti ṣe é fún ọdún méje. Ní ti Absalom, ẹni tó ń gbàdúrà nínú ìjọ ni, kì í jẹ́ kí ìwọ̀ kan omi ní ọjọ́ Ìsinmi. Ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, kò sí ẹni tó mọ ibi tí àánú rẹ̀ máa ń lọ.

Wọn ò tíì kúrò ní ìlú ju ọjọ́ kan lọ nígbà tí ìwọ̀ wọ àtàǹpàkò Garland, ó kan egungun. Ó fà á yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ náà bọ omi òkun. Ní èbúté Seldom, níbi tí gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí àríwá ti máa ń dúró de afẹ́fẹ́ láti ayébáyé, Thirza rẹ búrẹ́dì sínú omi gbígbóná, ó dì í mọ́ ojú egbò náà kó lè fa ọyún rẹ̀ jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àtàǹpàkò náà ti dà bí ìgò.

Heber, igbákejì ọ̀gá ọkọ̀, pe àwọn tó kù wá wò ó. "Ẹ wá wo nǹkan. Àtàǹpàkò Garland ti lóyún. Thirza, múra, o máa gbẹ̀bí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Garland náà bá wọn rín in, nítorí ọkùnrin tí kò bá lè bá wọn rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ náà kò ní lè sinmi.

Wọ́n yà sí Fogo lọ gbé iyọ̀. Ìbọn ńláńlá tí àwọn ará àtijọ́ kó sórí òkè níbẹ̀ ṣì dojú kọ òkun, ìpẹtà ti jẹ wọ́n dé ẹnu. Thirza sáré lọ sí ilé dókítà. Wọ́n ní ó lọ gbẹ̀bí ní erékùṣù kejì, ó di ọ̀sán ọ̀la kó tó dé. Ó padà wá bá Absalom ní etídò.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró dè é. Ọ̀sán ọ̀la náà ni."

"Ta ló ń dúró de ta? Ṣé ẹja ń dúró dè mí ní tèmi?"

"Ọwọ́ ọmọ náà ti wú dé ọrùn ọwọ́, sà."

"Ọmọ? Ọkùnrin tó ń fá irùngbọ̀n lò ń pè lọ́mọ? Padà sídìí ìkòkò rẹ. Bó o bá fẹ́ máa darí ọkọ̀, ra tìẹ."

Wọ́n ta ìgbòkun. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni etíkun fi ń sá kọjá ní ọwọ́ òsì wọn, àpáta dúdú lórí àpáta dúdú, ìgbì ń fọ́ sí wọn lẹ́sẹ̀, òkè yìnyín sì ń léfòó níwájú. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀kánkán St Anthony, Thirza rí òrùlé ilé ìwòsàn kedere. Ìlà pupa kan ti gun apá Garland láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó tún gòkè lọ bá ọ̀gá.

Absalom kò tilẹ̀ yíjú. "Afẹ́fẹ́ tó dára báyìí, ọdún mélòó ni mo ti ń wá a? Bí mo bá yà, àwọn apẹja Bonavista á ti gba ibi tí à ń na àwọ̀n sí kí n tó dé. Ṣé ìwọ lo máa bọ́ ilé mọ́kànlá tí àwọn ọkùnrin yìí ti wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi mí sílẹ̀," Garland sọ láti orí ibùsùn rẹ̀ nísàlẹ̀. "Ẹ má dójú tì mí lójú àwọn ọkùnrin."

Ó fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún jù nìyẹn títí ayé rẹ̀, pé ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí i.

Ní ọjọ́ kejì, kùrukùru ká, ilé funfun Battle Harbour sì yọ láàrin àwọn àpáta. Ilé ìwòsàn kan ló tún kù níwájú wọn, òun náà sì nìyẹn. Garland kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ní òwúrọ̀ náà, bí àwọn ọkùnrin ti ń retí tíì, Thirza gbọ́ tí Absalom ní kí wọ́n máa tukọ̀ lọ tààrà, kí wọ́n má yà.

Kò tún bẹ ẹnikẹ́ni. Ó gbé garawa, ó fa omi òkun tí yìnyín ti mú tutù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ààrò irin tó ti pọ́n, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí i. Irin náà dún bí ìbọn. Ó là láti ẹnu dé ìdí, eérú àti ooru sì bo ilé ìdáná.

Absalom wọlé, ó wo ààrò, ó wo obìnrin náà. "Kí lo ṣe yìí?"

"Mo da omi sí i, sà."

"Mo rí omi. Mo ní kí ló dé?"

"Kò sí tíì mọ́, kò sí búrẹ́dì mọ́. Ọkùnrin mẹ́tàdínlógún ló máa jẹ oúnjẹ tútù fún oṣù mẹ́ta. Àbí kẹ́ ẹ yà sí Battle Harbour. Oníṣòwò tó wà níbẹ̀ máa ń ní ààrò."

Ó gbá a létí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pa kòkòrò. Lẹ́yìn náà ó gòkè, ó ní kí wọ́n yí ọkọ̀ wọlé.

Ará èbúté méjì ló fi pákó gbé Garland lọ sí ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tó ti jẹ búrẹ́dì Thirza fún ọdún méje, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan pákó náà. Wọ́n gbé ààrò tuntun sọ́kọ̀, wọ́n ju àpótí aṣọ Thirza sí etídò, wọ́n sì tú okùn. Heber ké sí i láti orí ọkọ̀: "Thirza, o tún lè máa se ọwọ́ Garland sílẹ̀ dè wá o. Bá a bá ń bọ̀, a ó yà jẹ ẹ́."

Dókítà wo apá náà, ó béèrè ọjọ́ tí ìlà pupa dé ìgbọ̀nwọ́. Thirza sọ fún un pé nígbà tí wọ́n ń kọjá St Anthony ni. Dókítà náà fọ ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ́. "Ìka kan ni wọn ì bá gé níbẹ̀," ó sọ. Láti èjìká ló ti gé e.

Ọjọ́ kẹrin ni ojú Garland tó wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì wá ọ̀tún lábẹ́ aṣọ ìbora, ó wá a títí.

"Ta ló ní kí wọ́n gé e?"

"Dókítà ni. Èmi ni mo fọwọ́ síwèé, torí ibà ò jẹ́ kó o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

"Ìwọ."

Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, "ẹ" ló ń pè é. Thirza rò pé òun ṣì í gbọ́.

"Ìwọ lo fọwọ́ sí i. Ṣé mo bẹ̀ ọ́? Ọkùnrin ọlọ́wọ́ kan, kí ló fẹ́ fi ṣe ní Greenspond? Ò bá jẹ́ kí n kú. Ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí, o tún ti rí ọmọ ọwọ́ gbé."

Ó yí ojú sí ògiri. Nígbà ìkórè, ọkọ̀ kan tó ń padà sílé gbà á. Nígbà tí Thirza gbé àpótí tirẹ̀ náà wá, ọ̀gá ọkọ̀ ọ̀hún mi orí. "Mi ò gbé afọ́-ààrò," ó sọ. Garland jókòó sórí okùn, ó ń gbọ́, ó sì ń wo òkun. Bí Thirza ṣe di afọṣọ ní ilé ìwòsàn náà nìyẹn, tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aṣọ ní ìgbà òtútù tí omi ń dì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Òótọ́ ni pé àwọn ará Bonavista ti gba ibi ìnà-àwọ̀n náà kí Absalom tó dé. Ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú ìdajì ẹrù, ilé mọ́kànlá sì jẹ ìyẹ̀fun tí ìjọba fi ń ṣàánú ní ìgbà òtútù yẹn. Ọmọ jòjòló méjì kú. Nínú ìjọ, Absalom kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ó kàn gbàdúrà fún àwọn tí ìbínú obìnrin fi ebi pa. Garland ní tirẹ̀ ń sọ fún ẹni tó bá béèrè pé òun ń ké pé kí wọ́n má gé e, pé ẹ̀gbọ́n òun ló di òun mú. Bóyá ó ti gbà á gbọ́ pẹ̀lú.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni Thirza wọ ọkọ̀ elérò lọ sí Greenspond. Òjò ń rọ̀. Àwọn obìnrin tó bá pàdé lójú afárá ń ti ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń yà fún un bí ẹni yà fún ajá tó ń yọ itọ́. Selina, tó ti di ìyàwó Garland, ló ṣílẹ̀kùn ilé wọn, ìdajì. Láti inú ilé, ohùn Garland béèrè ẹni tó wà níbẹ̀.

"Ará Labrador kan ni," Selina dá a lóhùn.

Ohùn náà tún jáde. "Sọ fún un pé a ò ra nǹkan."

Thirza na ìdì kan síwájú. Ìbọ̀wọ́ ìgbà òtútù mẹ́fà ni, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun wọ́n, gbogbo wọn sì jẹ́ ti ọwọ́ òsì. Selina tú u wò, ó fi ìka tẹ òwú náà, ó rí i pé ó nípọn.

"Òwú wọ́n," ó sọ. "Màá tú u fún àwọn ọmọ."

Ó gbà á, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ elérò kò ní padà kọjá títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Thirza lọ jókòó sábẹ́ òrùlé ilé ẹja ní etídò, ó yọ búrẹ́dì líle nínú àpò rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.